Ojú Ewé Ọwọ́ Òsì

Mo ti tọ́jú arúgbó tó pọ̀ nílùú Atlanta yìí, mo sì ti rí oríṣiríṣi. Mo rí èyí tó ń jí ṣíbí pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mo rí èyí tó ń fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn dé ìwọ̀n àyè kan. Ẹnìkan ṣoṣo ló wà tó jẹ́ pé ẹ̀gàn ni mo fi ń wò ó láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ará Bẹ́ljíọ̀mù ni. Iṣẹ́ tó ṣe jẹun láyé rẹ̀ ni pé ó máa ń lọ jókòó síbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọrin, á ká apá lé àyà, lẹ́yìn náà á lọ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé wọn ò kọ ọ́ dáadáa.

Ẹ gbọ́ mi yé o. Ọkùnrin yìí ò lè kọrin. Kò lè tẹ dùùrù, kò lè fọn fèrè, bó bá ń wẹ̀ gan-an kì í kùn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bàbá òun tó ń ṣe búrẹ́dì rán òun lọ kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ obìnrin kan ládùúgbò wọn, oṣù mẹ́ta péré ni obìnrin náà fi mú sùúrù kó tó dá òun padà sílé. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nídìí dùùrù ló wá di adájọ́ àwọn tí wọn ò lé. Ogójì ọdún ló fi ṣe é, ní Brussels kó tó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà, àti níbí lẹ́yìn tó dé. Ó tún kọ ìwé bíi márùn-ún lé e. Bí ẹnìkan bá dán irú ẹ̀ wò níbi ìkómọ lásán láàárín tiwa, wọ́n á ti gbé máìkì fún un pé kó kọ tiẹ̀ ká gbọ́.

Fairburn ni mò ń gbé. Duluth ni Baba, bí mo ṣe ń pe ọkùnrin yìí, wà, nínú ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mo fi ń wakọ̀ la gbogbo Atlanta já láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí n lè lọ fi oúnjẹ àárọ̀ síwájú ẹni tí kò ní sọ pé ó dùn. Agency tó ń rán àwa olùtọ́jú síṣẹ́ ti rán ènìyàn mẹ́ta síbẹ̀ ṣáájú mi, ó sì ti lé gbogbo wọn. Ó ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn, Aunty kan láti Ìjẹ̀bú tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tó sì ń ha bíi súfèé, bó bá ń kí ọ láti ìta, aládùúgbò rẹ á dáhùn. Bí ìyẹn bá jẹ́ wúyẹ́wúyẹ́, mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ariwo. Ṣùgbọ́n ó gba èmi láyè láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì gbà pé nítorí pé mo mọ iṣẹ́ mi ni.

Ohùn tèmi wúwo. Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama n'Íbàdàn, tíṣà tó ń kọ́ wa lórin ní ohùn mi dà bíi ti ọkùnrin tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ó ní kí n lọ dúró lẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ni mo wà títí di òní. Alto ni mò ń kọ, ìyẹn ohùn ìsàlẹ̀ fún àwa obìnrin, tí ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ àfi bó bá ṣì í kọ. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà ní kọ́ọ̀yà ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọn ò ní kí n dá orin kọ rí. Bí a bá parí, àwọn ènìyàn á lọ máa di mọ́ àwọn soprano, àwọn tó ń kọ ohùn òkè, èmi á sì máa ká róòbù. Ó ń dùn mí. Mi ò ní parọ́ pé kì í dùn mí.

Baba bi mí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ bóyá mo máa ń kọrin. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ní ṣọ́ọ̀ṣì," ó sì yinmú.

Lókè tábìlì ìkọ̀wé rẹ̀, lẹ́tà kan wà tó fi férémù àti gíláàsì sí. Ọkùnrin akọrin kan ló kọ ọ́ sí i ní ìgbà pípẹ́ sẹ́yìn, pé lẹ́yìn ohun tí Baba kọ nípa òun, òun ti fi orin sílẹ̀ pátápátá, òun ti di ẹni tó ń bá wọn ta ilé. Ohun tí ẹlòmíràn á gbé pamọ́ nítorí ìtìjú lòun gbé kọ́ ògiri. Ó ní, "Mo gba àwọn ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀." Iṣẹ́ mi ni láti máa nu eruku kúrò lára gíláàsì yẹn. Lójoojúmọ́ ló máa ń ṣe mí bíi kí n jẹ́ kó já bọ́.

Ohun kan ṣoṣo wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí mi ò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ìwé kan tó máa ń gbé lọ síbi orin. Kó tó kúrò nílé, á kọ ohun tó rò pé òun máa gbọ́ sí ojú ewé ọwọ́ ọ̀tún. Bó bá gbọ́ orin náà tán, á kọ ohun tó gbọ́ gan-an sí ojú ewé ọwọ́ òsì. Ó ní ibi tí ojú ewé méjèèjì ò ti bára mu nìkan lòun máa ń kọ jáde fún aráyé, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni òun ti kọ́ nǹkan tuntun. Mo rò ó nínú ara mi pé, àṣé ọgbọ́n díẹ̀ wà nínú orí yìí.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ nípa etí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó máa ń kìlọ̀ èéfín lókè àjà ti ń dún "kín" ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú nítorí pé bátìrì rẹ̀ ti ń tán. Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ń dún. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni Baba jókòó sí, ó ń kàwé, kò gbójú sókè. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Kò gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà. Kò gbọ́ máíkírówéèfù. Kò gbọ́ ẹyẹ tó wà lójú fèrèsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ akólẹ̀ bá yí kọ́nà wọlé sí àdúgbò, ó ti gbọ́. Ohùn òkè ti kúrò létí rẹ̀, tìsàlẹ̀ ló kù. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí iṣẹ́ mi ló ṣe gbà mí láyè. Òun kàn ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ ni.

Mo bi í lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Sir, ìgbà wo ni etí yín ti ń ṣe báyìí?" Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀yájú dáhùn, lẹ́yìn náà ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ó ní ọmọ òun ò mọ̀, àwọn tó ni ojú ewé tí òun ń kọ̀wé sí lóṣooṣù lórí intánẹ́ẹ̀tì ò mọ̀. Ó ní, "Bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní gbé ọ̀rọ̀ mi jáde mọ́. Kí ni mo wá jẹ́ nígbà náà?" Ó yẹ kí n kọ ọ́ sínú ìwé shift mi, tí mo fi ń jábọ̀ fún agency, òfin iṣẹ́ ni. Mi ò kọ ọ́. Àánú kọ́ o. Mo kàn rò ó pé, ta ló tún ń ka irú ìsọkúsọ bẹ́ẹ̀, kí ló wá kàn mí?

Ó kàn mí láìpẹ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọmọ rẹ̀ ní kí n gbé e lọ síbi orin kan lápá Buford, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Ìlà kẹta la jókòó sí. Ọmọbìnrin kan jáde, kò lè ju ogún ọdún lọ, ó dúdú bíi tiwa, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ó sì fi ọwọ́ kan di aṣọ náà mú nítan bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tó gbé ohùn sókè, mo gbàgbé pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn náà gòkè, ó dé ibì kan, ó dúró síbẹ̀, kò mì. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò rántí jẹ ṣingọ́ọ̀mù ẹnu rẹ̀ mọ́. Omi bọ́ lójú mi, mo sì yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Mo wo Baba. Ó ń wo ẹnu ọmọ náà, ó lejú koko.

Ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, nítorí náà èmi ni mo ń bá a tẹ ohun tó bá kọ sórí kọ̀ǹpútà. Bó ṣe di ọjọ́ Ajé, ó gbé ìwé náà fún mi. Ní ọwọ́ ọ̀tún, ó kọ ọ́ pé: "Ohùn kékeré tó mọ́ lóló. Wọ́n ti yìn ín jù." Ní ọwọ́ òsì, ó kọ ọ́ pé: "Ó ń ya ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Èyí tó wá fẹ́ kí aráyé kà ló burú jù. Ó ní lókè, níbi tó yẹ kí ohùn ọmọ náà wà, afẹ́fẹ́ lásán ló wà níbẹ̀, òun ò sì lè sọ bóyá ó ń kọrin ni àbí ó ń yán.

Mo ní, "Sir, ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ láti gbọ́."

Mo ní ọmọ náà kọrin o, èmi gbọ́ ọ. Ó bojú wò mí bí ẹni tó ń wo àga tó lanu sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tẹ̀ ẹ́." Mo tẹ̀ ẹ́. Ìka mi méjì yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́, títí dé ibi tó ti ń yán.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ ọmọ náà. Ọwọ́ ló fi kọ ọ́. Èmi ni mo ń ṣí lẹ́tà Baba, èmi ni mo ń kà á sí i létí pẹ̀lú ohùn mi tí etí rẹ̀ ń gbọ́ yìí. Ọmọ náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní tíṣà òun sọ pé kí òun má ka ọ̀rọ̀ Baba sí, ṣùgbọ́n tíṣà fẹ́ràn òun, ìyá òun náà fẹ́ràn òun, òun ò sì mọ èyí tí òun lè gbà gbọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní kí Baba jọ̀ọ́ sọ fún òun: ṣé ohùn náà ò sí rárá ni, àbí ó wà, tí òun ò mọ̀ ọ́n lò? Ó ní oṣù méjì péré ló kù kí òun pinnu bóyá òun á máa bá ẹ̀kọ́ orin lọ tàbí òun á wá nǹkan mìíràn ṣe.

Baba ní, "Kò sí èsì. Ẹni tó bá ti ń bèèrè, ó ti mọ̀."

Inú bí mi débi pé mi ò lè wakọ̀ lọ tààrà sílé. Mo yà sí ilé ìtajà àwọn ará Kòríà lórí Pleasant Hill Road, mo jókòó sínú ọkọ̀ ní parking lot, mo sì kọ lẹ́tà tèmi. Mo ní, ọmọ mi, ohùn rẹ wà níbẹ̀, mo jókòó ní ìlà kẹta, mo sì sunkún. Mo ní ọkùnrin tó kọ̀wé yẹn kò gbọ́ ohùn òkè mọ́, èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Mo ní má fi sílẹ̀ nítorí adití. Mo da àdírẹ́sì rẹ̀ kọ, mo lẹ ẹ́ pa, mo sì fi í sínú báàgì. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, Baba náà sì ti parí. Kò kàn mí. Mo ní bó bá di ọjọ́ Ajé, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ yà.

Ọjọ́ Àìkú ló wáyé láàárín. Ọmọ Baba rìnrìn àjò iṣẹ́, ẹni tó yẹ kó wá gba shift ọjọ́ náà ò lè wá, wọ́n bẹ̀ mí. Ọjọ́ náà sì ni àyájọ́ kọ́ọ̀yà wa. Mo ní mo lè gbà á, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ o, Baba á bá mi lọ. Ó pòṣé láti Duluth títí dé Fairburn.

Wọ́n gbé e jókòó síwájú pátápátá. A kọrin mẹ́rin, àwọn soprano kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn débi pé àwọn ìyá àgbà dìde dúró. Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ sọ fún ìjọ pé bàbá tó jókòó síwájú yìí, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ orin ni, ó ní kí wọ́n bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan. Baba ò gbọ́ nǹkan kan. Ó rí i pé gbogbo ènìyàn ń wo òun, ó kàn mi orí. Pásítọ̀ ní, "Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀, ẹ̀yin ará." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Baba rí àtẹ́wọ́, ó rò pé ẹ̀tọ́ òun ni, ó sì tẹ orí ba bí ọba. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́yìn níbi tí mo dúró sí. Ẹ̀gàn mi fún un kún ọ̀fun.

Nígbà tí a ń padà lọ, a ti dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ 85 kó tó la ẹnu.

Ó ní, "Ohùn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé yẹn. Ìwọ lo ni ín."

Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́, kò sì yinmú. Ó ní àwọn tí òun fi ogójì ọdún gbọ́, ìwọ̀nba ni àwọn tó lè dúró nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọn ò ní gbọ̀n. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti lò láyé. Ìyá mi ò sọ irú ẹ̀ fún mi rí, ọkọ mi ò sọ ọ́. Mo wakọ̀ kọjá exit tó yẹ ká ti yà sí Duluth, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Buford kí n tó mọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mi ò yà sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ní n kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́. Baba ṣì ń sùn nígbà tí mo ṣí ìwé náà. Ọwọ́ ọ̀tún: "Ariwo àti inú rere." Ọwọ́ òsì: "Alto kan, lẹ́yìn. Òun ló gbé gbogbo wọn dúró. Àwọn tó kù kàn ń ya ẹnu ni."

Mo ṣí i padà sẹ́yìn, sí ti ọmọ náà. "Ó ń ya ẹnu." Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Etí kan náà ló gbọ́ àwa méjèèjì. Bí mo bá fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́, tí mo ní etí yìí ti kú, a jẹ́ pé òkú etí ló yìn mí. Mi ò gọ̀. Mo rí i kedere bí mo ṣe dúró níbẹ̀, mo sì pa ìwé náà dé.

Mo ní mi ò tíì ra sítáǹpù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ní ojú ọjọ́ ò dáa. Báàgì yẹn ń bá mi lọ bọ̀ láti Fairburn sí Duluth, lẹ́tà náà sì wà nínú rẹ̀ títí etí rẹ̀ fi ká. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn tèmi jáde dáadáa. Ọ̀gá kọ́ọ̀yà bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì láti mọ ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà kejì ọmọ náà dé. Mo kà á tán nínú ara mi kí n tó kà á sókè. Ó wá dúpẹ́ ni. Ó ní gbogbo ẹni tó fẹ́ràn òun ló ti ń fi ìfẹ́ tan òun jẹ, Baba nìkan ló bọ̀wọ̀ fún òun débi pé ó sọ òótọ́. Ó ní dídákẹ́ tó dákẹ́ gan-an ti tó èsì. Ó ti fi orin sílẹ̀. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́.

Baba ní, "Fi férémù sí i."

Èmi ni mo lọ ra férémù ní mall. Èmi ni mo kan ìṣó mọ́ ògiri, mo gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti ọkùnrin tó ń ta ilé. Mo ń fi aṣọ kan náà nu méjèèjì lójoojúmọ́, kò sì ṣe mí bíi kí ọ̀kankan já bọ́ mọ́. Mo máa ń yẹra láti má rí ojú ara mi nínú gíláàsì náà.

Baba kú nígbà òtútù tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ ní kí n mú nǹkan kan tí màá fi máa rántí rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé yẹn, mo ya ojú ewé ọwọ́ òsì tó jẹ́ tèmi, mo sì dá ìyókù padà fún un. Inú Bíbélì mi ló wà, òun pẹ̀lú lẹ́tà tí mi ò fi ránṣẹ́.

Oṣù tó kọjá, wọ́n fún mi ní orin kan kí n dá a kọ. Èmi ni mo lọ bá Ọ̀gá kọ́ọ̀yà fúnra mi. Mo ní bàbá ará Bẹ́ljíọ̀mù tó wá síbí lọ́jọ́sí ló yìn mí, mo sì fi ojú ewé náà hàn án. Ó kà á, ó yí i wò lẹ́yìn. Ó ní bàbá yẹn ti dàgbà gan-an o, ṣé ó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa nígbà yẹn?

Mo ní etí rẹ̀ já gaara.